Àwọ̀ Mẹ́ta Tí O Fi Gba Iṣẹ́

Ruwais, Jẹ́dà
Ọjọ́ Àlàmísì, ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn Iléyá

Líàsù Àkànní, ọmọ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó, kí ó bá ọ nínú àlàáfíà, kí ó má sì bá búrọ́ọ̀ṣì olómi lọ́wọ́ rẹ, nítorí mo mọ̀ ọ́, wàá kán ọ̀dà sí i kí o tó kà á tán. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Láti àná tí Ústáàsì Sàdíìkù tí o wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ti tẹ̀ wá láago láti Mẹ́kà pé ìkámà rẹ, ìwé àṣẹ ìgbélùú rẹ, ti kọjá sọ́dọ̀ ọ̀gá tuntun, pé wọ́n sì ti fagi lé ìwé ìjáde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà rẹ, obìnrin náà kò tíì dákẹ́ orin. Ó ń kọrin nílé ìdáná, ó ń kọrin lórí àtẹ̀gùn, títí ìyàwó ará Yẹ́mẹ́nì tó ń gbé nísàlẹ̀ fi wá béèrè bóyá a fẹ́ ṣègbéyàwó ni. Èmi ò kọrin ní tèmi. Mo lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ tó ṣófo, mo mí kanlẹ̀, mo ní Alihamudulilahi, oorun sì gbé mi lọ níbẹ̀ tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti sùn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ìwọ náà mọ ohun tó ń lé oorun lọ. Láti ìgbà tí o ti jáde ilé ìwé, tí o sì ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n lè kọ mọ́ ìkámà mi, ọ̀nà méjì péré ló kù: kí o rí iṣẹ́ àti kàfíìlì tìrẹ tí yóò dúró fún ọ níwájú ìjọba, tàbí kí o padà sí Nàìjíríà. Nàìjíríà kì í ṣe ibi burúkú, ilé wa ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì péré lo ti fojú kan Ìwó láyé rẹ, ẹ̀ẹ̀mejèèjì náà ni ibà sì gbé ọ dè. Jẹ́dà ni wọ́n ti bí ọ. Èrò pé kí n sìn ọ́ dé pápá ọkọ̀ òfuurufú kí n sì dá nìkan padà sílé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ó ti kọjá báyìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ ìwé gígùn kan ṣoṣo yìí, kí n sọ ohun tó yẹ kí baba sọ fún ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi Yorùbá kọ ọ́ ni. Nílé, bí mo bá fi Yorùbá bá ọ sọ̀rọ̀, Lárúbáwá lo fi ń dá mi lóhùn. Ó dáa, dá ìwé lóhùn kí n rí i. Rọra kà á. Èyí tí kò bá yé ọ, kí Ústáàsì là á yé ọ, àfi apá ìparí. Ìwọ nìkan ni kí o ka apá ìparí.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà tèmi ni mo fẹ́ tú síwájú rẹ yìí.

Èkíní, má po àdúrà mọ́ ọ̀dà. O máa ń gbọ́ tí ìyá rẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo fi omi Sámúsámù fọ búrọ́ọ̀ṣì rí, ṣùgbọ́n n kò sọ ìtàn náà délẹ̀ fún ọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ ní ófíìsì àwọn tó ń ya àwòrán ilé ní Jẹ́dà, wọ́n gbé àwòrán ilé kan lé mi lọ́wọ́, ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ fún àwọn tó ń bọ̀ wá ṣe Háàjì. Bó ṣe rí nígbà náà ló ṣì rí lónìí: ẹni tó ni ilẹ̀ kò mọ ìlà pẹ́ńsù kà. Àwòrán tí a fi ọ̀dà olómi kùn ló ń wò. Bó bá wù ú, ọ̀gá rí iṣẹ́ gbà. Bí kò bá wù ú, ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀rù bà mí. Mo wọkọ̀ lọ sí Mẹ́kà, mo bu Sámúsámù kún kẹ́ẹ̀gì, mo gbé e padà wá sí Jẹ́dà, mo sì fi po gbogbo ọ̀dà mi pé kí àwòrán náà lè ní alubarika.

Iyọ̀ ilẹ̀ wà nínú omi yẹn, ìwọ náà tọ́ ọ wò, o mọ̀. Nígbà tí ojú ọ̀run tí mo kùn gbẹ, ó ṣe tótòtó láti òkè délẹ̀ bí ara ọmọ tí ìléròrò ooru mú. Èyí tó tún burú ni omi tí mo fi ṣan búrọ́ọ̀ṣì. Omi mímọ́ ni, n kò lè dà á sí gọ́tà. Ọ̀dà wà nínú rẹ̀, n kò lè mu ún. Mo ń rọ ọ́ sínú ìgò, mo ń tò ó sábẹ́ tábìlì. Ìgò di méje. Lọ́jọ́ kan, Àmù Hásánì, àgbàlagbà ará Sùdáànì tó kọ́ mi níṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ mú ohun tó jábọ́, ó sì rí wọn.

Ó ní, "Ìwọ Tàkùrúnì yìí, kí lò ń tà lábẹ́ tábìlì?" O mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe gbogbo wa tó ti apá ọ̀dọ̀ wa wá.

Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ nu. Ó wá ní, "Sámúsámù, mu ún, kí o ṣe àdúà lé e. Bí o bá mu ún tán, dìde, kí o lọ bu omi ẹ̀rọ." Àwa méjèèjì la kó ìgò méje náà lọ sẹ́yìn ófíìsì, a sì rọra dà wọ́n sídìí igi dọ́ńgóyárò kan, níbi tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀. Nítorí náà, ọmọ mi, ṣe bísímílà kí o tó bẹ̀rẹ̀, ṣe ọpẹ́ nígbà tí o bá parí. Láàárín méjèèjì, omi tó mọ́ àti ọwọ́ tó balẹ̀ ni iṣẹ́ ń béèrè.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ àwọ̀ púpọ̀, òun gan-an ni olórí ọ̀rọ̀. Nígbà tí ojú mi là díẹ̀, mo ra àpótí ọ̀dà kan ní ọjà Bálàdì, àwọ̀ méjìdínláàádọ́ta ló wà nínú rẹ̀. Mo máa ń ṣí i wò bí ẹni wo ojú ìyàwó. Mo sì lò ó ju bó ṣe yẹ lọ. Ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n kùn, mo fi elésè àlùkò sí ojú fèrèsé, mo fi àwọ̀ ọsàn sí ojú ọ̀run, oríṣi ewé mẹ́fà ni mo fi sórí igi mẹ́rin. Ọ̀gá wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé ilé nìyí, àbí ìsọ̀ eléso?" Gbogbo ófíìsì ń rẹ́rìn-ín. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Àmù Hásánì gba àpótí náà lọ́wọ́ mi, ó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì fi mẹ́ta péré lé mi lọ́wọ́: búlúù, yẹ́lò tó dà bí iyanrìn, àti pupa ilẹ̀. Ó ní kí n má tọrọ ìkẹrin lọ́wọ́ òun fún oṣù mẹ́fà. Mo bínú. Mo rò pé ìlara ló ń ṣe bàbá náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní púpọ̀ ló ń wo èyí tó ní dáadáa. Kí oṣù kejì tó pé, mo ti rí i pé bí mo bá po búlúù mọ́ pupa ilẹ̀, eérú ló ń bí. Bí búlúù bá pọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀, òjìji òwúrọ̀ nìyẹn. Bí pupa bá pọ̀ díẹ̀, òjìji ìrọ̀lẹ́ ni. Búlúù àti yẹ́lò iyanrìn ń bí àwọ̀ ewé kan tó rọ̀, tó dà bíi pé eruku wà lórí rẹ̀. Jáde sí títì ní Asisíyà níbi tí o wà yẹn, kí o wo igi tó wà létí ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ń gbà lọ sí Mínà. Ṣé eruku ò sí lórí wọn ni? Ewé tó wà nínú àpótí, ewé ilẹ̀ olójò ni. Kì í hù níbí.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé kò sí àwọ̀ kan tó ń bá èkejì jà mọ́. Ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. Búlúù tó wà lójú ọ̀run ló wà nínú òjìji, òun náà ló wà nínú ewé. Mo sọ fún Àmù pé èdè wa pàápàá, àwọ̀ mẹ́ta ló fi ń sọ ayé, pupa, dúdú, funfun. Pé epo pupa, ọsàn tó pọ́n, ènìyàn pupa, ọ̀kan náà ni lẹ́nu wa. Ó wò mí bí ẹni pé mo ti fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Ó ní, "Ẹ ti mọ̀ ọ́n nílé, kí lẹ wá ń wá nínú àpótí?"

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọ̀ mẹ́ta ni mo fi tọ́ ọ láti kékeré, tí o máa ń sunkún pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní àpótí ńlá. Kì í ṣe ahun ni mo ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá rẹ ní ahun ni.

Ìkẹta, funfun. Funfun kò sí nínú ọ̀dà wa, ìwé ni funfun. Mo kun àwọn alálàájì tó wọ ìrámì lẹ́nu ọ̀nà ilé kan rí, ọ̀dà funfun ni mo fi kun aṣọ wọn, ó sì gbẹ tán bíi ẹfun tí wọ́n fi kun ògiri. Àmù ní, "Ìwé ti wọ ìrámì kí ìwọ tó dé. Kí ló dé tí o tún ń wọ̀ ọ́ láṣọ?" Láti ọjọ́ náà, òjìji ẹ̀gbẹ́ wọn nìkan ni mo ń kùn, mo sì ń fi ara wọn sílẹ̀. Ibi tí o kò fọwọ́ kàn ló máa ń tàn jù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìkẹrin tàbí ìkarùn-ún, mo ti ṣì í kà, má gbé ife tíì sí ẹ̀gbẹ́ ife omi búrọ́ọ̀ṣì. Mo ti mu búlúù lẹ́ẹ̀mẹta. Jẹ́ kí àwọ̀ àkọ́kọ́ gbẹ kí o tó lé èkejì. Pẹ̀lú oòrùn Mẹ́kà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kò yẹ kí o kánjú. Bí olówó kan bá wọlé tó ní kí o fi àwọ̀ kún un, má jà, má sì fi kún un. Mú kí òjìji dúdú sí i, ibi tó mọ́lẹ̀ yóò tàn, yóò sì rò pé o ti gbọ́rọ̀ sí òun lẹ́nu. Kí olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ófíìsì kí o tó kí ọ̀gá. Má fi gbogbo alẹ́ jẹ fúùlù, ẹ̀wà àwọn Lárúbáwá yẹn, bí ẹni tí kò ní ìyá. Máa bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní gbogbo Àlàmísì, kí o sì sọ Yorùbá fún un, bó ṣe wù kó rí lẹ́nu rẹ.

Ó tó. Apá ìparí ló kù. Bí Ústáàsì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ní kó lọ wá tíì mu.

Líàsù, àwòrán àkọ́kọ́ tí o kùn láti fi wá iṣẹ́ ní ófíìsì Asisíyà dára. O fi àwọ̀ mẹ́ta kùn ún, o sì fi ìwé sílẹ̀ níbi tó yẹ kí o fi í sílẹ̀. N kò rí ohun tó dára bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ara mi nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ. O kùn ún tán, o lọ sí ófíìsì ìwé ìrìnnà lọ béèrè iye ọjọ́ tó kù fún ọ. Mo kírun Àsárì tán, mo wá dúró níwájú rẹ̀. Bí mo ṣe ń wò ó ni ẹ̀rù ń dé. Mo ní ó rọlẹ̀ jù. Mo ní olówó ni yóò wò ó, yóò rò pé òtòṣì ló kùn ún. Mo lọ gbé àpótí àwọ̀ méjìdínláàádọ́ta yẹn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tí Àmù ti dá padà fún mi, tí n kò sì ṣí fún ogún ọdún, mo sì fi omi sí i.

Ìyá rẹ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní, "Bàbá Líàsù, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ta nìyẹn?"

Mo ní, "Mo kàn fẹ́ tún un ṣe díẹ̀ ni."

Ó ní, "Ó bàjẹ́ ni?"

Mo kun igi tó ní ewé tútù yọ̀yọ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé náà, mo fi àwọ̀ ọsàn sí ojú ọ̀run, mo tún fi elésè àlùkò díẹ̀ sí fèrèsé. Nígbà tó gbẹ, mo ká a sínú páìpù rẹ̀, mo sì dè é pinpin. Nígbà tí o dé, mo sọ fún ọ pé mo ti ká a kí eruku má bàa kàn án, pé kí o má tú u. O ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Ústáàsì gbé e lọ sí Mẹ́kà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn kò gbà á. Wọ́n ní àwọ̀ rẹ̀ ń jà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí o gbọ́. O jókòó sílẹ̀, ò ń wo ọwọ́ ara rẹ, fún ọjọ́ mẹ́ta ni o sì ń wò ó, bí ẹni pé ọwọ́ náà ti dà ọ́. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà ọ́ sílẹ̀, n kò sọ ọ́. Ojú ń tì mí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi tí mo jẹ́ àgbà gan-an ni mo wọ́ orí ọmọ náà, mo sì tún ń bá àwọn ará ọjà káàánú ìyá rẹ̀.

Ọlọ́run ló fi Ústáàsì Sàdíìkù bẹ̀ wọ́n. Ọ̀gá ní kí o wá kun òmíràn níwájú òun. Mo ní kí n bá ọ lọ, o ní, "Lá, rárá, Bàbá, ẹ jókòó." Mo jókòó. O fi àwọ̀ mẹ́ta rẹ lọ, o sì gba iṣẹ́.

Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ náà ti kú sí àárín èmi àti ìyá rẹ. Àná ni Ústáàsì, tí kò mọ nǹkan kan, ń yìn ọ́ fún mi lórí fóònù. Ó ní kí o tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀gá tẹ́ àwòrán àkọ́kọ́ sórí tábìlì, ó nàka sí igi ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ta ló kun ewé yìí?" Ó ní o tẹjú mọ́ igi náà. Lẹ́yìn náà ni o ní, "Anà. Èmi ni. Mo ṣì í kùn." Ústáàsì ní, "Ọmọ yín ní ìrẹ̀lẹ̀, Àlàájì, ó gba ẹ̀bi rẹ̀ láì wá àwáwí." Mo ní àmín, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ.

O mọ ọwọ́ mi. Láti kékeré lo ti mọ bí mo ṣe ń kun igi. O dúró níbẹ̀, ìwé ìjáde wà nínú àpò rẹ, iṣẹ́ tó lè gbà ọ́ wà níwájú rẹ, o sì gba ẹ̀bi mi mọ́ra níwájú àjèjì tó ń wá ìdí láti lé ọ. O padà wá sílé, o bá mi jẹun, o kò sọ nǹkan kan. Ọmọ mi, inú mi dùn pé o ríṣẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí mo gbọ́ lánàá yìí, òun ló jẹ́ kí n sùn. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé ilẹ̀ àjèjì ni mo ti tọ́ ọ, pé n kò mọ irú ènìyàn tí o máa jẹ́. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Jọ̀ọ́, foríjì mí. Má sì bò mí báyẹn mọ́ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Mo lè dákẹ́, mo mọ̀. Ìkámà ti bọ́ sí i, kò sẹ́ni tó máa béèrè. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ọ̀gá yẹn bá gbé ìwé fún ọ ni yóò máa rántí pé ọwọ́ rẹ ti ṣàṣejù rí, ọwọ́ rẹ kò sì ṣe é.

Ìwé yìí yóò ṣáájú mi dé. Lọ́jọ́ Sátidé tí ófíìsì yín bá ṣí, n óò wá. Bí o bá rí mi lẹ́nu ọ̀nà, má dìde, má sọ pé kí n jókòó, máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ ni mò ń lọ. N óò ní kó tẹ́ àwòrán àkọ́kọ́ yẹn sórí tábìlì, kó sì béèrè ìbéèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lárúbáwá ni n óò fi dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: anà.

Bàbá rẹ.